Ẹ̀rọ Tí Ó Mọ Ìkíni Nìkan

Nígbà tí Fọlárìn rí ibi tí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì bí ẹni tó pa ọ̀tá láyò, ó sì fi àga rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan. Láti ìdájí ló ti jókòó ti ẹ̀rọ náà, tó ń tú ìlà kan wò tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ fún tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun já a. Ní báyìí ó ti já a. Kò tíì rántí ẹnikẹ́ni nígbà yẹn.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Màmá Ìbírónkẹ́ ló bèèrè láti ẹnu ọ̀nà. Òun ni olórí Ilé-Ohùn ní ìlú Àtìbàbà, obìnrin tí kì í yára rìn, tí kì í sì í jókòó pẹ́. Ó gbé wàláà onígíláàsì kan há abíyá.

"Mo ti rí i, ma. Ìkíni ni."

"Ìkíni wo?"

"Èyí tí òpó-ohùn ń kí gbogbo ilé láràárọ̀. Èmi ni mo fi síwájú ọ̀rọ̀. Lẹ́tà tóóró ni mo fi kọ ọ́."

Màmá Ìbírónkẹ́ fa àga, ó jókòó. Ó yẹ kí èyí ti ta Fọlárìn lólobó.

"Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ẹ mọ̀ pé oríṣi lẹ́tà méjì ló wà nínú èdè Sí tí a fi kọ ẹ̀rọ náà. Tóóró ń gbé yàrá kan péré. Òǹkà lè wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà lè wọ̀ ọ́. Gbòòrò ni yàrá rẹ̀ fẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa lè wọ̀ tohùn-tohùn. Ìṣàn tí ọ̀rọ̀ ń bá jáde, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, kò tíì ní ojú kankan, ma. Ohun tí a bá kọ́kọ́ dà sínú rẹ̀ ló ń fún un lójú. Mo fi printf, àṣẹ tóóró, kí wọn, ìṣàn di tóóró. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń fi wprintf, àṣẹ gbòòrò, da ọ̀rọ̀ àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ní oko-iyọ̀ tẹ̀ lé e. Ó ń kọ̀ ọ́! Kò pariwo, kò dúró, kò kú. Ó kàn ń kọ̀ ọ́."

"Òǹkà ìkún omi ńkọ́? Àwọn aṣọ́bodè omi ń rí tiwọn gbà lójoojúmọ́, inú ìṣàn kan náà."

"Òǹkà ni, ma, tóóró ni. Ó ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́." Ẹ̀rín ṣì wà létè rẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Ó dára, àbí? Ó dára bí àlọ́."

"Bí ìṣàn bá kọ ọ̀rọ̀ kan, àṣẹ tó gbé e lọ a máa dá òǹkà òdì padà, kí ẹni tó rán an lè mọ̀ pé iṣẹ́ kò dé. Kí ni tìrẹ dá padà?"

Fọlárìn yíjú sí ẹ̀rọ náà.

"N kò wò ó, ma."

"O ò wò ó."

"Mo rò pé . . ."

Kò lè parí rẹ̀, nítorí ohun tó rò kò ṣeé sọ lójú àgbàlagbà. Ó rò pé bí ènìyàn bá ti kí ilé dáadáa, ilé yóò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ. Ọmọ Àtìbàbà kì í la ẹnu láàárín ènìyàn láìkọ́kọ́ kí wọn, ìbáà jẹ́ iná ló ń jó. Nígbà tó ń tún ẹ̀rọ náà kọ, ó rí i pé bí òpó-ohùn ṣe máa ń bẹ́ sínú ọ̀rọ̀ láràárọ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí a kò kọ́ nílé. Ló bá fi ìlà kan kún un ní ìrọ̀lẹ́ tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo òpó tó wà nílùú kí àwọn onílé. Àwọn àgbà jáde, wọ́n ń dá a lóhùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ọmọlúàbí rèé. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí gbé ẹja díndín wá fún un. Láti ọjọ́ náà ni ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí padà, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀.

Màmá Ìbírónkẹ́ gbé wàláà náà síwájú rẹ̀.

"Ọkọ̀-iyọ̀ tó dé láàárọ̀ yìí, awakọ̀ rẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí ìyá òun kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí òun ti ń sọ. Ó bá mi gbé ẹ̀dà gbogbo ohun tí àwọn ará oko-iyọ̀ ti sọ wá. Kà á."

Fọlárìn kà á. Orúkọ tẹ̀ lé orúkọ, ilé tẹ̀ lé ilé. Ẹ̀rín tó ṣẹ́ kù ní ojú rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò sá sí. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ Akínbọ̀wálé, ó kà á dópin, ó sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, Mosúnmọ́lá ìyàwó Akínbọ̀wálé dá a dúró ní èbúté. Obìnrin náà kì í ṣe aláriwo. Àwọ̀n ló ń tún ṣe, ìka rẹ̀ sì le bí ìka atukọ̀. Ó ní, "Fọlárìn, jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ara rẹ̀ yá? Bọ̀wálé kò sọ nǹkan kan láti ìgbà tó ti lọ." Àwọn ọ̀rẹ́ Fọlárìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fi ohùn tó ti ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti ń yìn ín dá a lóhùn: "Àǹtí Mosún, ṣé kò kí yín láàárọ̀ yìí ni? Ẹ̀rọ tó ń kíni, ara rẹ̀ yá. Ẹni tí ẹ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, a jẹ́ pé kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò bá yín sọ ni." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó gbé àwọ̀n rẹ̀, ó lọ.

"Màmá," Fọlárìn wí, "okùn ìgbéyàwó wọn. Ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ tú u."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo ń rò nìyẹn nígbà tí o ń rẹ́rìn-ín."

Ó wu Fọlárìn kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ilẹ̀ kò sí ní Àtìbàbà, pákó àti agbá ṣíṣófo ni gbogbo ìlú dúró lé lórí.

"Ẹ jẹ́ kí a ti ìṣàn náà ká tún un ṣí, ma! Bí a bá tún un ṣí, tí mo fi gbòòrò ṣáájú . . ."

"Omi ń kún. Bí a bá ti ìṣàn nísinsìnyí, àwọn aṣọ́bodè yóò di afọ́jú. Ó di ìgbà tí omi bá fà."

"Ká ṣí òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìṣàn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ àwọn baba wa lè ṣí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó lọ síbi ìkọ́ ara ògiri, ó sì mú fìlà kan wá, aláwọ̀ ìyeyè, tó ti gbó létí. Fọlárìn ti rí fìlà náà lórí ìkọ́ láti ìgbà tó ti débẹ̀. Kò rò ó rí pé orí òun lè wọ̀ ọ́. "O mọ òfin pẹ̀lú."

Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ọmọ ìlú náà tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá yadi ni yóò jẹ́ ẹnu fún un.

"Odindi ọ̀rọ̀ ni o," Màmá Ìbírónkẹ́ wí. "A kì í gé e, a kì í bù ú kù, a kì í fi tẹni kún un. Títí omi yóò fi fà, ìwọ ni ìṣàn gbòòrò."

"Ẹ dárí jì mí, ma."

"Èmi náà gbọ́ ìkíni yẹn, ó dùn mọ́ mi, n kò sì bèèrè bí o ṣe ṣe é. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ èmi àti ìgbìmọ̀ ìlú. Ìwọ máa lọ sídìí okùn."

* * *

Omi ń kún lóòótọ́. Fọlárìn wa ọkọ̀ gba àárín ilé, àwọn awo-oòrùn tẹ́ lókè bí ewé kókò, wọ́n ń mú òjìji wá sójú omi. Níbi tí omi ti mọ́ gaara, a lè rí orí àwọn òpó fóònù ayé àtijọ́ nísàlẹ̀, tí ẹja ń wọlé tí wọ́n ń jáde láàárín irin wọn. Láti ìgbà tí òkun ti gbé àwọn òpó wọ̀nyẹn mì ni ẹnu gbogbo ìlú ti wà lọ́wọ́ Ilé-Ohùn.

"Haa! Ta ni wọ́n dé ní ìyeyè yìí?" obìnrin kan tó ń sá ẹja ké láti orí pẹpẹ rẹ̀.

"Fọlárìn ni! Fọlárìn alákọ̀wé ẹ̀rọ!" èkejì rẹ̀ dáhùn.

"Ẹ̀rọ ọmọlúàbí náà ló yadi?"

"Irọ́ ni. Ó kí mi láàárọ̀ yìí, mo sì dá a lóhùn."

"Bóyá ìkíni ló rẹ̀ ẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń sá ẹja fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Wọn kò mọ̀ pé ibi tó ń dùn ún gan-an ni wọ́n tẹ̀. Òfin kò gbà kí ẹni tó dé fìlà yẹn kọjá láìfèsì.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi," ó wí, ojú rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. "Ẹ̀rọ mi ti ń jẹ ọ̀rọ̀ yín mì. Mo ń bọ̀ wá jẹ́ iṣẹ́ yín."

Ẹ̀rín dákẹ́. Ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bèèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Jẹ ẹ́ mì báwo?" Kò lè dúró. Ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí ìgbì ń lé.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Bọ̀wálé sọ. Ìyókù kò ṣòro. Bọ̀wálé farapa, kò lè wálé, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó dúró. Bí obìnrin náà bá gbọ́ ìyẹn, yóò jọ̀wọ́ okùn. Ṣùgbọ́n lánàá ni ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan kún un, nígbà tí ó sú u láti máa sọ̀rọ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti fèsì: ó ní bí ó bá wù ú, kó tú u.

Ta ni yóò mọ̀ bí òun bá fi ìyẹn sílẹ̀? Òwe ìlú pàápàá wà lẹ́yìn òun: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òun kò ní parọ́, òun yóò kàn dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó tán. Fọlárìn ka ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú, ó sì ti rí ibi tí gígé rẹ̀ yóò ti rọrùn jù, níbi tí ọkùnrin náà ti ń sọ nípa igi tó fi ń tilẹ̀. Ọkọ náà yóò jàǹfààní rẹ̀, ìyàwó náà yóò jàǹfààní rẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó gbà fún ara rẹ̀ pé ẹnì kẹta wà níbẹ̀ tí yóò jàǹfààní jù wọ́n lọ. Bí ilé náà kò bá tú, ọ̀ràn òun yóò di ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Bí ó bá tú, òun ni ẹni tó tú u.

* * *

Ní Àtìbàbà, ilé ọkọ àti ilé ìyàwó kì í kúrò lórí agbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn. Okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá tú u, ìṣàn omi ni yóò gbé ilé ọkọ lọ sí etí ìlú níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ilé mìíràn yóò sì gba àyè rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. A kì í tún un so.

Èrò ti pé lórí afárá pákó nígbà tí Fọlárìn yọ. Bàbá Lémikàn, tó jẹ́ alábòójútó gbogbo okùn ìlú, dúró ti ọ̀pá rẹ̀. Mosúnmọ́lá wà ní ìkúnlẹ̀, ìka rẹ̀ nínú kókó okùn. Omi ti mú kí okùn náà wú, ó ń gbà díẹ̀díẹ̀. Kókó kan ti tú. Ó ku ọ̀kan.

"Ẹ dúró!" Fọlárìn ké láti inú ọkọ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró!"

"Ta ló ń pariwo nídìí okùn?" Bàbá Lémikàn yíjú padà, ó rí fìlà náà. "Hẹn-ẹn. Ẹlẹ́nu ti dé. Ta ni wọ́n rán ọ sí?"

"Àǹtí Mosúnmọ́lá ni, bàbá. Ọkọ wọn ló rán mi."

Mosúnmọ́lá kò yọ ọwọ́ kúrò nínú kókó. "Bọ̀wálé sọ̀rọ̀?"

"Ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tó ti débẹ̀, ma. Lójoojúmọ́. Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ìró ohùn sọ lórí afárá, ó sì rọlẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó wo fìlà, ó tún wò ó.

"Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Fọlárìn gòkè sórí pákó. Ó gbé wàláà sókè, ó bẹ̀rẹ̀.

"'Mosún. Mosún mi, eléyínfunfun. Ẹ̀rọ tó ń ro iyọ̀ ti yí lu ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ o, yóò ní mo ń díbọ́n kí n má bàa ṣiṣẹ́.'"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí afárá. Ìyá Mosúnmọ́lá wà láàárín wọn, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ bo ẹnu. Òógùn bo Fọlárìn. Ohùn ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ ti ń jáde, bí ẹni tó wọ ṣòkòtò ẹlòmíràn rìn láàárín ọjà.

"'Oúnjẹ ibí yìí kò dára. Ẹja tí kò ní orúkọ ni wọ́n ń fún wa. Bí mo bá sùn, ẹ̀yìn rẹ ni ọwọ́ mi ń wá, ògiri ni ó ń bá.'"

"Yéè!" ẹnì kan ké. Ojú Fọlárìn ń jó o. Ó ń kà á lọ.

"'Ọkọ̀-iyọ̀ dé, kò bá mi gbé nǹkan kan wá láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣé nítorí garawa omi òjò tí mo fọ́ ni? Mo mọ̀ pé mo lọ láìbẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́ báyìí. Dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ èébú. Èébú rẹ gan-an ni mò ń fẹ́ gbọ́. . . . Wọ́n ti gbẹ́ igi fún mi tí mo fi ń tilẹ̀. Mo ti lè dé etí omi. Dúró dè mí, Mosún.'"

Ibẹ̀ ni ibi tó ti yàn. Ó dákẹ́.

Mosúnmọ́lá ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ó tán?"

Ìgbì kan gbé afárá sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ó tán, ma."

Ẹ wo ariwo ayọ̀! Àwọn obìnrin ń ké, Bàbá Lémikàn ń fi ọ̀pá lu pákó, ìyá Mosúnmọ́lá ń ṣépè fún ẹ̀rọ iyọ̀. Mosúnmọ́lá yọ ọwọ́ kúrò nínú kókó okùn. Ó dìde, ó wá síwájú Fọlárìn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú nínú ọwọ́ tó le yẹn.

"O ṣeun," ó wí. "O ṣeun, Fọlárìn. Ọlọ́run yóò san án fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sọ ní èbúté. Fọlárìn lè fara da èébú láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdúpẹ́ kejì yìí ni kò lè gbé. Ó bá ara rẹ̀ tó ń fa ọwọ́ rẹ̀ yọ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé olè.

"Kò tán, ma."

"Kí ni kò tán?"

"Mo gé e ni. Ó ku ọ̀kan."

Omi ń lu agbá lábẹ́ wọn. Ó gbé wàláà náà, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

"'Mosún, ọkọ̀ tún dé, ọwọ́ òfìfo. Mo ti gbọ́ ohun tí o kò sọ. N kò ní máa da ara mi láàmú mọ́, n kò sì ní máa da ìwọ náà láàmú. Bí ó bá wù ọ́ láti tú okùn yẹn, tú u. N kò ní bínú sí ọ. Garawa tuntun kan wà lábẹ́ ibùsùn ní ilé mi, mo ti rà á kí n tó lọ, n kò ráyè gbé e fún ọ. Gbé e kí omi tó gbé ilé lọ. Ó dàbọ̀.'"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Lémikàn na ọ̀pá rẹ̀ sí Fọlárìn.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé kò sí àgbà nílé yín ni? Iṣẹ́ ẹrú ni à ń fi tọmọ jẹ́! O ti jẹ́ ibi tó dáa, ayọ̀ ti wọlé, kí ni o tún ń wá lọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò?"

"Ẹ gbá a létí!" ẹnì kan wí. "Òun ló bà á jẹ́, òun náà ló tún wá ń bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì!"

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀," Mosúnmọ́lá wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbé mi dé ìdí okùn yìí."

Ó kọjú sí Fọlárìn. "Kí ni o sọ fún mi ní èbúté? Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Fọlárìn sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tán pátá, ó tún fi kún un pé àwọn ọ̀rẹ́ òun wà níbẹ̀, àti pé òun fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rí ojú àwọn ènìyàn tó ń yí kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá ń ti fèrèsé.

"Bọ̀wálé," Mosúnmọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Bọ̀wálé tí kì í dákẹ́ lójú oorun. Wọ́n ní kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mo sì gbà. Ọmọ yìí kò mọ ọkọ mi. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Tí ọkọ̀-iyọ̀ sì ń lọ tó ń bọ̀ lójú mi, n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan rán an, nítorí ìgbéraga." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ojú ń tì mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ má wò mí."

Lóòótọ́ ni wọ́n yíjú padà, gbogbo wọn, títí kan Bàbá Lémikàn. Fọlárìn nìkan ni kò mọ ibi tí yóò yíjú sí.

Mosúnmọ́lá padà sídìí okùn, ó kúnlẹ̀, ó tún kókó tó ti tú ta, ó sì fi gbogbo agbára fà á títí ó fi dún. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ Fọlárìn, ó jókòó síwájú, ó mú àjẹ̀ kan.

"Wọlé ká lọ."

"Oko-iyọ̀, ma? Nínú ìkún omi yìí?"

"Ta ló bi ọ́ nípa omi?"

* * *

Wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ síhà etí ìlú. Nígbà kan Fọlárìn gbìyànjú, ó ní, "Àǹtí, mo bẹ̀ yín . . ." Obìnrin náà kò yíjú padà. "Fi pamọ́," ó wí. "Ẹni tí o fẹ́ bẹ̀ wà níwájú, igi ló fi ń rìn."

Ìròyìn ti ṣáájú wọn, bí ìròyìn ṣe máa ń rìn lójú omi. Níbi gbogbo tí wọ́n gbà, àwọn ènìyàn ti jáde sórí pẹpẹ wọn. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu wọn mọ́.

"Fọlárìn, tèmi ńkọ́? Àbúrò mi wà níbẹ̀."

"Tiyín wà níbí, bùrọ̀dá. Bí mo bá ń bọ̀ ni n ó jẹ́ ẹ."

"Ọkọ mi sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n sọ̀rọ̀, ma. Ó pọ̀. Ó dáa."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá wọn lóhùn, tí orí rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ sí i ní ilé kọ̀ọ̀kan. Èébú ń bọ̀ láti òkè, ó ń gbà á. Ọkùnrin kan tutọ́ sómi.

Ilé tó gbẹ̀yìn létí ìlú ni ti Ìyá Kúsẹ̀hìn, àgbàlagbà kan tó ń dá gbé, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ sí oko-iyọ̀ kí Fọlárìn tó wọ Ilé-Ohùn rárá. Aṣọ tó dáa ló wọ̀. Ó ti to àga méjì síta, ó sì dúró lẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yìn ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọge.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń jẹ ẹ́ mì," ó wí. "Wọ́n ní láti ọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀, tí àwa kò gbọ́. Mo ní mo wí! Mo ní Kúsẹ̀hìn kò lè dákẹ́ báyìí. Kí ni ó sọ, ọmọ mi? Bó bá jẹ́ díẹ̀, kó jẹ́ díẹ̀. Jókòó kí o tó sọ ọ́."

Fọlárìn gbé wàláà. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó sì tún wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mosúnmọ́lá ti dá àjẹ̀ dúró. Omi ń tì wọ́n lọ, Fọlárìn sì ní láti di òpó ilé ìyá náà mú kí ọkọ̀ má bàa kọjá.

Gbólóhùn kan péré ti tó. Ẹnikẹ́ni lè hun ún: ìyá mi, ara mi le, mo ń kí yín. Kò sí ẹni tí yóò jà lé e lórí.

Ó ṣí fìlà. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó gbé ojú sókè wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Màmá, kò sí tiyín níbẹ̀. Mo wá a. Kò sí."

Ìyá náà ṣì ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì dé etí rẹ̀. Ó wo àga méjèèjì.

"O wá a dáadáa?"

"Mo wá a dáadáa, ma."

"Ó dáa," ó wí. "O ṣeun tí o wá a."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àga náà wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìyára. Ó padà wá mú ilẹ̀kùn, ó sì rọra tì í. Kò bú Fọlárìn. Mosúnmọ́lá ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, ó ń dúró kí ti Fọlárìn bọ́ sí i. Ó pẹ́ kí Fọlárìn tó lè jọ̀wọ́ òpó ilé náà.